Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Nìkan Kọ́ Ni Owó Ìrìnàjò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìjàgbó, láti Àjàṣẹ́-Ìpo, láti Òmù-Àrán, àti ẹ̀yin tí ẹ jí wọkọ̀ láti Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni mo ń ṣe n'Ílọrin, ohun tí mo sì ń rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ló jẹ́ kí n gbà láti dúró níwájú yín l'Ọ̀fà lónìí. Mò ń rí òbí tó ta ilẹ̀, mò ń rí ìyá tó kó àjọ, mò ń rí bàbá tó yá owó ní kọ̀pọ́rétíìfù, kí wọ́n lè lọ fojú kan ọmọ tí wọ́n ti rí kẹ́yìn tipẹ́. Ó ń dùn mí tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ṣòfò, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe inú tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣòfò sí. Ẹrù tó lé ní ìwọ̀n ń gbà nínú rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kò rò tì ń gbà nínú rẹ̀, físà ojú ọ̀nà àti mọ́tò háyà tí wọn kò ka ìwé àdéhùn rẹ̀ náà ń gba tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ kan mú kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹnu ọ̀nà ilé yín níbí ni ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ yín ló parí sí. Gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde láàárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni owó ìrìnàjò. Ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ báyẹn, á máa rò pé òun rí owó pọ́ọ́kú, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn máa san ìyókù níbòmíràn ni.

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì wà, tí ọ̀kan fi 150,000 náírà dín sí èkejì. Èyí tó dín owó náà máa gbéra l'Ékòó ní aago méje àárọ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa kúrò l'Ọ̀fà lọ́jọ́ náà kí ẹ bá a. Ẹ máa sùn sí Ìkẹjà, ẹ máa jẹun, ẹ máa wọ táksí lóru. Báàgì kan péré ló gbà, èkejì gba méjì. Aago kan òru ló máa balẹ̀ ní London, tí ọmọ yín máa fi san táksí torí pé ọkọ̀ ojú irin ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí ẹ bá kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ẹ máa rí i pé 150,000 yẹn ti tán kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé o. Ìṣirò orí kì í rántí owó táksí.

Àwa tí a wà ní Kwara yìí ní ohun kan tí àwọn ará Èkó kò ní láti rò. Pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, máa ń gbé àwọn alálàájì lọ tààrà nígbà Hájì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ London, Houston tàbí Toronto ní láti kọ́kọ́ dé Èkó tàbí Abùjá. Ẹ wo owó àwọn méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Bàálù Ethiopian, ti Turkish àti ti British Airways ń gbéra ní ìlú méjèèjì, iye tí wọ́n ń gbà kì í sì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Kìkì pé ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan pẹ̀lú èrò pé ẹ máa lọ wọ bàálù náà ní ìlú kejì tó bá yà sí. Tí ẹ kò bá wọ bàálù àkọ́kọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ náà á fagi lé gbogbo ìyókù, títí kan èyí tí ẹ fẹ́ fi padà wálé.

Tí ẹ bá sì máa ti Ìlọrin wọ bàálù kékeré lọ bá ńlá l'Ékòó, tí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò sí lábẹ́ nọ́ńbà kan náà, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo wa la mọ bí bàálù abẹ́lé ṣe máa ń pẹ́. Tí èyí àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹni tó ni èkejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ lọ sùn l'Ékòó lọ́jọ́ tó ṣáájú, nílé ẹbí tó bá ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iye owó fúnra rẹ̀. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 ní 2024. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e lọ sókè. Ohun tó fa owó wálẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà London ni pé Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 2024, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè sì dín owó tiwọn náà kù lákòókò yẹn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ bá ti ń dupò, ibẹ̀ ni owó ti máa ń rọ̀. Tí wọ́n bá kéde ọ̀nà tuntun, ẹ tètè wò ó. Oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi owó pọ́ọ́kú pe oníbàárà.

Nínú bàálù kan náà, àga tó jọra, tí wọ́n jókòó tira wọn, lè ní iye mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù máa ń pín àga sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, lẹ́tà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Tí ọ̀wọ́ tó rọjú bá tán, kọ̀ǹpútà á bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdílé ni èyí máa ń ná lówó jù. Tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì bá fẹ́ lọ, tí àga mẹ́ta péré sì kù ní owó tó rọjú, kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Iye tó ga ló máa gbà lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí ó jẹ́ fún ẹnì kan, kí ẹ wá wo ti ẹni mẹ́rin. Tí ti ẹnì kan bá kéré ju ìdá mẹ́rin owó náà lọ, ẹ ra mẹ́ta lọ́tọ̀, kí ẹ ra ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ wá pe ilé iṣẹ́ náà láti so yín pọ̀ kí wọ́n má baà tú ìdílé ká lórí ìjókòó.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dín owó, tàbí pé kí èèyàn fi ara rẹ̀ pamọ́ tó bá ń wá a lórí fóònù kí ilé iṣẹ́ má baà mọ̀ pé ó ti wá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi oorun yín ṣòfò. Ọjọ́ tí ẹ máa fò ló ní agbára lórí owó, ju ọjọ́ tí ẹ rà á lọ. Ẹ ṣí Google Flights tàbí Skyscanner lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó fi iye owó oṣù náà hàn yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí i pé kí ẹ kàn sún ìrìnàjò síwájú tàbí sẹ́yìn ní ọjọ́ méjì, owó lè bọ́ sílẹ̀ gan-an. Google Flights tún ní bọ́tìnnì tó máa ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí yín tí owó ọ̀nà yẹn bá lọ sókè tàbí tó wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lò, ẹ sọ fún ọmọ ilé kó bá yín ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo iye tó wà lójú òpó ilé iṣẹ́ bàálù náà fúnra rẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá kéré, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti rà á, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá yí, ẹni tó ta á fún yín ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ bá.

Ìgbà wo ló dára láti lọ? Ẹ wo ibi tí èrò ń wọ́ lọ, kí ẹ gba òdìkejì rẹ̀. Nínú Oṣù Kejìlá, gbogbo ọmọ wa ní òkè òkun ló ń bọ̀ wálé, bàálù tó ń bọ̀ láti London kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí London lákòókò kan náà máa ń rí àyè, tó bá sì tètè padà ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kínní, òdìkejì náà ló tún wà. Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni mo máa ń bẹ èèyàn kó yẹra fún tí kò bá ní ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́. Ìparí Oṣù Kínní títí di Oṣù Kẹta, àti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá, ni owó máa ń rọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò Úmúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Mo mọ ẹ̀san tó wà nínú ọjọ́ 10 ìkẹyìn Rámádánì, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí ó sì fẹ́ dé ilé Ọlọ́run, kó lọ ní oṣù mìíràn, iye tó máa ná lórí bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè balẹ̀ ní Mẹ̀dínà kí ẹ gbéra padà ní Jẹ́dà. Ó lé ní 400 kìlómítà láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Tí ẹ bá balẹ̀ ní Jẹ́dà tí ẹ sì tún padà gba Jẹ́dà, ẹ máa rìn ín lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì le jù ní 2022 àti 2023, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń lọ wọ bàálù ní Kútọnu tàbí ní Accra. Títí di òní ni wọ́n ń bi mí bóyá ó ṣì dára. Owó tó wà lórí ìkànnì lè dín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀fà dé Èkó, láti Èkó dé Sẹ̀mẹ́, ibodè lẹ́yìn ibodè, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ìwé àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kí ẹ tó wá sùn sí Kútọnu. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, gbogbo rẹ̀ ló tún ń dúró dè yín. Fún ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kan kọ́ ẹ̀yìn, mo lè ní kó gbìyànjú rẹ̀ tí ìyàtọ̀ bá pọ̀ dáadáa. Fún ìyá ẹni 70 ọdún tí orúnkún ń dùn, n kò ní fọwọ́ sí i láé, iye yòówù kó fi dín.

Ibi tí owó ti máa ń bá àwọn èèyàn wa lójijì jù ni físà ojú ọ̀nà. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí àjọ Yúróòpù là sílẹ̀ pé ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní físà kó tó lè jókòó sínú pápákọ̀ wọn lásán láti dúró de bàálù kejì, bí kò tilẹ̀ ní jáde sí ìgboro. Frankfurt wà nínú rẹ̀, Paris wà nínú rẹ̀, Amsterdam wà nínú rẹ̀. Físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ máa ń yọ èèyàn nínú wàhálà yẹn. Físà Ìlú Ọba kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé mọ́ láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú àjọ náà. Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín sọ orúkọ ìlú tí ẹ máa dúró sí, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó ẹ́ńbásì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí Istanbul, Addis Ababa, Cairo àti Casablanca rọrùn fún àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọn kò sì jáde.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, mo tún un sọ. Ẹni tó ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí kó lè dín owó ní láti gba ẹrù rẹ̀ ní ìlú àárín, kó tún lọ fi sílẹ̀ lọ́tun. Kó tó lè gba ẹrù náà, ó gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yẹn, kó tó lè wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ní físà ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ dúró kí ọmọ kan ní London kí wọ́n tó kọjá lọ bá èkejì ní Amẹ́ríkà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Ìlú Ọba ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó bá gbéra láti ilẹ̀ wọn. Fún ìrìnàjò tó jìn tó Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà, lórí ìjókòó tó rọjú jù, pọ́n-ùn 90 ni láti Oṣù Kẹrin 2025 sí Oṣù Kẹta 2026, wọ́n sì gbé e sí 102 láti Oṣù Kẹrin 2026. Ẹni tó kàn gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí 24 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà kì í san án. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san án lórí ìjókòó yẹn, tí ẹ bá sì rí i nínú owó ọmọ yín, ẹ béèrè ìdí.

Ẹrù ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò sí ìyá tó máa fi ọwọ́ lásán lọ kí ọmọ. Èlùbọ́ gbọ́dọ̀ wà, gàárì gbọ́dọ̀ wà, ata gígún àti ẹja gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wọn ẹrù nílé. Kílò 23 ni báàgì kan sábà máa ń jẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gba méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ, àwọn kan kò gbà ju ọ̀kan lọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa gbé báàgì kẹta, ẹ ra àyè rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, torí iye tí wọ́n ń gbà lórí káńtà máa ń ga gan-an. Ẹ má sì fi wàrà, kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ sínú ẹrù tó ń lọ sí Ìlú Ọba. Òfin wọn kò gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á kó o dànù, ẹ ó sì ti sanwó kílò rẹ̀. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fàyè gbà.

Tí ọmọ yín bá tún fẹ́ fi bàálù olówó pọ́ọ́kú bíi Ryanair gbé yín láti London lọ sí ìlú Yúróòpù mìíràn, kó ka òfin ẹrù dáadáa. Báàgì tó lè wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ló wà nínú owó náà. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà lè jìnnà sí ìlú gan-an: pápákọ̀ Beauvais tí wọ́n ń pè ní ti Paris jìn tó 80 kìlómítà sí Paris.

Kí n tó kúrò lórí bàálù, mo fẹ́ sọ ti àwọn gbájúẹ̀. Wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ sí yín tó ní orúkọ yín àti ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ ó sì rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fi àga pamọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tòótọ́ ní nọ́ńbà gígùn kan, fígọ̀ 13 ló wà nínú rẹ̀. Kódù lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ ojú òpó ilé iṣẹ́ bàálù, pẹ̀lú orúkọ ìdílé yín, kí ẹ rí i fúnra yín. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, ẹ má jẹ́ kó di ìdájí ọjọ́ ìrìnàjò. Kí orúkọ sì rí bó ṣe rí nínú páásípọ́ọ̀tù. Mo ti rí ibi tí ẹ́jẹ́ǹtì ti fi "Alhaja" ṣe orúkọ àkọ́kọ́, owó ńlá ni wọ́n fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà ní ààbò kan: tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ méje ó kéré tán ṣáájú ìrìnàjò, òfin Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n fún yín ní wákàtí 24 láti fagi lé e láìsí ìyọkúrò, àyàfi tí wọ́n bá ti fàyè gbà yín láti fi owó náà pamọ́ fún wákàtí 24 kí ẹ tó san. Ẹ lo wákàtí yẹn láti ka orúkọ yín dáadáa.

Ó wá kan mọ́tò háyà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹ nílò rẹ̀. Ní London, ẹ kò nílò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin wà níbi gbogbo, káàdì báńkì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, tí owó tí ẹ bá ná lọ́jọ́ kan bá sì ti dé iye kan, wọn kì í yọ sí i mọ́. Ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín London ń san pọ́n-ùn 18 lójúmọ́ láti Oṣù Kínní 2026, kó tó wá ibi tó máa gbé e sí. Tí ó bá gba Dartford kọjá odò Thames, pọ́n-ùn 3.50 ni, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa dá yín dúró gba owó náà. Ẹ gbọ́dọ̀ san án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó di òru ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn máa lọ bá ilé iṣẹ́ tó ni mọ́tò, àwọn náà á sì fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e kí wọ́n tó yọ ọ́ lórí káàdì yín.

Houston tàbí Dallas yàtọ̀ pátápátá. Láìsí mọ́tò níbẹ̀, ìyá yóò jókòó sílé láti àárọ̀ títí ọmọ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá jẹ́ márùn-ún tí ẹ fẹ́ ti London lọ kí ẹbí ní Manchester. Mọ́tò kan lè dín owó ju tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin márùn-ún lọ.

Káàdì ni ọ̀rọ̀ máa ń dì mọ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ mọ́tò máa fẹ́ rí káàdì tó ní orúkọ awakọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ káàdì gbèsè tí báńkì fi ń yáni lówó. Wọ́n á ti owó ìdógò kan mọ́ orí rẹ̀, kò sì ní ṣeé ná títí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá dá mọ́tò padà. Ní 2022, àwọn báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná ní òkèèrè kù sí dọ́là 20 lóṣù, kí ọ̀pọ̀ wọn tó dá a dúró. Ní 2025 àwọn kan tún ṣí i, pẹ̀lú òdiwọ̀n. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbára lé e fún owó ìdógò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń gbé níbẹ̀ gba mọ́tò náà lórúkọ ara rẹ̀. Tí ẹ̀yin náà bá máa wà á, kí ó fi orúkọ yín kún un kí ẹ san owó awakọ̀ kejì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ tó wà á, tí jàǹbá sì ṣẹlẹ̀, ìǹṣọ́ránsì kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 máa san lé e, àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í sì í fún àgbà tó ti kọjá ọdún 75, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tó fún àlejò láti wakọ̀ ní Ìlú Ọba fún oṣù 12. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ràn wá lọ́wọ́. Ní Ítálì tàbí Sípéènì, wọ́n máa béèrè ìwé ìwakọ̀ àgbáyé pẹ̀lú rẹ̀, méjèèjì ni ẹ sì gbọ́dọ̀ mú lọ.

Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú, tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìlú Ọba ṣì wà ní apá òsì. Ẹni tó fi gbogbo òru jókòó nínú bàálù kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó gbé mọ́tò ní Heathrow kó bọ́ sí títì tí ara rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sílé, ẹ sùn, kí ẹ gba mọ́tò lọ́jọ́ kejì ní ìgboro. Owó ibẹ̀ sì sábà máa ń dín, nítorí ilé iṣẹ́ tó wà ní pápákọ̀ ń fi owó àyè tó ń san lé ti oníbàárà.

Lórí káńtà ni wọ́n ti máa ń gba owó tí ẹ kò múra sílẹ̀ fún. Ní Yúróòpù, ìǹṣọ́ránsì díẹ̀ wà nínú owó háyà, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá fara pa, ẹ̀yin lẹ máa san apá àkọ́kọ́, ó sì lè lé ní 1,000 pọ́n-ùn. Akọ̀wé á ní kí ẹ máa san iye kan lójúmọ́ kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iye yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ránsì mìíràn ń ta ohun kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní iye tó kéré gan-an, tí ẹ bá rà á kí ẹ tó débẹ̀. Wọ́n á ṣì ti owó ìdógò mọ́ káàdì, ẹ ó sì kọ́kọ́ san kí ẹ tó gbà á padà, ṣùgbọ́n ó ṣànfààní. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò náà yàtọ̀. Iye tí ẹ rí lórí ìkànnì lè má ní ìǹṣọ́ránsì tó nípọn fún ẹni tí ẹ bá kọ lù. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn má ṣe dín owó kù. Owó ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà lè jẹ ilé àti ilẹ̀ èèyàn run.

Ẹ yan èyí tí wọ́n ti ní kí ẹ gbà á ní epo kíkún, kí ẹ sì dá a padà ní epo kíkún. Ẹni tó bá mọ jíà fi ọwọ́ yí á rí mọ́tò tó rọjú ní Yúróòpù ju ọ̀tọ̀mátíìkì lọ. Wákàtí 24 ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ kan, ẹni tó gbà á ní aago mẹ́wàá tó dá a padà ní ọ̀sán lè san ọjọ́ kan lé e. Kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ fi fóònù ya gbogbo ara rẹ̀, táyà, òrùlé, inú, àti ibi tí epo dé. Ẹ tún un yà nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Tí ẹ̀rọ bá sì béèrè bóyá ẹ fẹ́ san ní náírà tàbí ní owó ìlú wọn, ẹ tẹ owó ìlú wọn, nítorí ìṣirò tí ẹ̀rọ yẹn fi ń yí i padà kì í ṣe yín lóore.

Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán pé ọmọ òun obìnrin fẹ́ bímọ ní Ìlú Ọba, òun fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ, ọmọbìnrin náà sì ní kí ìyá òun má ra tíkẹ́ẹ̀tì níbí, pé òun ọmọ ni yóò rà á láti ọ̀hún. Èwo ló dára?

Mo ní: Mọ́mì, ẹ̀yin méjèèjì ẹ wo bàálù kan náà, ọjọ́ kan náà, nígbà kan náà. Ibi tí ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò láti dá iye lé e, nítorí náà ìyàtọ̀ kì í sábà pọ̀, àyàfi ti pàṣípààrọ̀ owó. Tí ọmọ bá máa san án, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà bóyá wọ́n máa fẹ́ rí káàdì tó fi san án ní pápákọ̀, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún yín ni pé ọmọ inú kì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, kódà tó bá wọ́n díẹ̀ ju èyí tí kò ṣeé yí lọ, kí ọjọ́ ìpadàbọ̀ má sì kọjá oṣù mẹ́fà tí físà àlejò Ìlú Ọba fàyè gbà. Tó bá ti rà á, kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé, kó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ọwọ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Dádì nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ọmọ yín lẹ́yìn rẹ̀.